Ọjọ́ mẹ́ta lórí omi Sundarbans: ọkọ̀ wo ló tó owó rẹ̀?

Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ fi ọkọ̀ gbé yín wọ igbó Sundarbans, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè kan: "Láàárọ̀ ọjọ́ tí a bá jí sí Katka létí òkun, aago mélòó ni omi máa fà?" Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fèsì lójú ẹsẹ̀, tàbí kó ní kí ẹ fún òun láyè láti wo ìwé ìṣirò omi. Ẹni tó bá ń sọ pé kí ẹ fọkàn balẹ̀, pé ẹkùn máa yọjú dandan, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn. Omi ni ẹ ń sanwó fún níbẹ̀. Yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹran sísun alẹ́ ìkẹyìn, fọ́tò ẹkùn ara pátákó ìpolówó, ẹ̀yìn omi ni gbogbo wọn tò sí.

Igbó máńgírófù, ìyẹn igbó orí ẹrẹ̀ omi iyọ̀, kò sí èyí tó tóbi tó Sundarbans láyé. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 10,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, níbi tí odò Ganges, Brahmaputra àti Meghna ti fọ́n ká sí ẹ̀ka tí kò lóǹkà kí wọ́n tó ya wọ inú òkun. Bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá rẹ̀ wà ní Bángládẹ́ṣì, ìyókù wà ní ìpínlẹ̀ West Bengal ní Íńdíà. Kò sí títì nínú igbó náà. Omi ni títì, omi náà ni aago. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi òkun ń gun àwọn odò wọ̀nyí wá, tí á sì tún fà padà. Láti ìkún kan sí èkejì, wákàtí 12 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ni. Bí omi bá kún ní aago mẹ́fà àárọ̀ òní, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago méje kó tó kún láàárọ̀ ọ̀la. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí òṣùpá bá mọ́ rokoṣo, ibi tí omi kún dé àti ibi tó fà dé lè fi ohun tó ju mítà 3 jura lọ, èyí ga tó àjà yàrá.

Bí omi bá kún, etí odò á bò mọ́lẹ̀ pátápátá, ewé nìkan ni ẹ óò máa wò láti orí ọkọ̀. Bí omi bá fà, ẹrẹ̀ á yọ, gbogbo ohun tó ń jẹun lórí ẹrẹ̀ á sì jáde: akàn, ẹyẹ, ọ̀bọ, àgbọ̀nrín, ẹlẹ́dẹ̀ igbó, àti ọ̀nì tó wá yá oòrùn. Ṣùgbọ́n bí omi bá fà tán, àwọn ojú omi tóóró tó wọ inú igbó, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní khal, kì í gba ọkọ̀ mọ́. Atukọ̀ tó gbọ́n máa ń wọ khal nígbà tí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wọlé. Ẹrẹ̀ ṣì wà ní gbangba nígbà yẹn, àwọn ẹran kò tíì kúrò létí omi, bí ìdí ọkọ̀ bá sì kan ẹrẹ̀, omi tó ń bọ̀ ni yóò gbé e sókè. Ẹni tó bá wọlé nígbà tí omi ń fà lọ, tó sì pẹ́ jù, ọkọ̀ rẹ̀ lè jókòó sórí ẹrẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Kò sì sí pé a fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ká fẹsẹ̀ rìn: ẹrẹ̀ náà ń gbé ẹsẹ̀ mì dé orúnkún, ọ̀nì sì ń gbé ibẹ̀.

Iṣẹ́ tí à ń yẹ̀ wò níhìn-ín ni ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí a fi alẹ́ méjì sùn nínú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní ìlú Khulna àti Mongla ní Bángládẹ́ṣì ló ń tà á, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gbà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí afárá orí odò Padma ní oṣù kẹfà ọdún 2022, bọ́ọ̀sì láti Dhaka sí Khulna ti yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Láńṣì (bí wọ́n ṣe ń pe ọkọ̀ ńlá náà nìyẹn) á gbéra lórí odò Rupsha, á bọ́ sí odò Pasur, á kọjá èbúté Mongla, á sì dúró ní ọ́fíìsì igbó láti gba ìwé àṣẹ àti ẹ̀ṣọ́ oníbọn. Kò sí láńṣì kankan tó gbọ́dọ̀ wọlé sùn láìsí àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí. Lẹ́yìn náà ni yóò gba odò Shela tàbí Pasur lọ sísàlẹ̀ títí dé Katka àti Kachikhali létí òkun. Ọjọ́ kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sórí ìrìn, ẹ má retí ohun tó pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí kò bá ní sùúrù fún ìrìn odò gígùn, kó wọkọ̀ ní Mongla dípò Khulna, ìyẹn á dín wákàtí mélòó kan kù.

Ẹ má wọ yàrá lọ sùn lọ́jọ́ kìíní náà o. Ibi tí odò méjì bá ti pàdé, tí omi ń yí biribiri, ẹja máa ń kó jọ síbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹja dọ́fíìnì ti ń jẹun. Irú méjì ló wà: ti Irrawaddy, tí orí rẹ̀ rí róbótó, àti ti Ganges, tí ẹnu rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ọdún 2012 ni ìjọba Bángládẹ́ṣì ya ojú omi mẹ́ta sọ́tọ̀ fún wọn: Dhangmari, Chandpai àti Dudhmukhi. Láńṣì ń gba àárín wọn kọjá. Odò Shela yìí kan náà ni ọkọ̀ epo kan ti rì ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 2014, tí nǹkan bí lítà 350,000 epo sì dà sómi. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wo ohun tí láńṣì yín ń dà sómi pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí òṣìṣẹ́ tó ń gbá ike àti ọ̀rá sínú odò, ẹ pè é, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àyẹ̀wò yín ní gbangba.

Ní ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀, yàrá òkè níwájú ló dára jù. Yàrá ìsàlẹ̀ lẹ́yìn wà nítòsí ẹ́ńjìnnì, ó ń móoru, ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í sì í jẹ́ kéèyàn sùn. Ẹ bèèrè aago tí wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀ lálẹ́. Láńṣì tó ń tan án mọ́jú ti ba ìdajì alẹ́ jẹ́, nítorí ohùn igbó lóru wà lára ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lé yàrá lórí pé ó kọjú sí igbó. Àárín odò ni láńṣì ń ju ìdákọ̀ró sí, bí omi bá sì ti yí padà, ọkọ̀ á yí tẹ̀lé e. Etí odò tí ẹ sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lálẹ́ á ti bọ́ sí òdìkejì kí ilẹ̀ tó mọ́.

Omi ìwẹ̀ ní ìwọ̀n. Inú táǹkì ni wọ́n ti ń gbé e wá láti ìlú, torí iyọ̀ ti wọ omi odò ìsàlẹ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Korobá kan lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ tó.

Oúnjẹ kò ní wàhálà: ìrẹsì, ẹ̀wà lẹ́ńtìlì tí wọ́n sè lómi, ẹja, edé, adìyẹ, ata wọn sì máa ń ta díẹ̀.

Ohun tó ya láńṣì kan sọ́tọ̀ sí òmíràn jù lọ ni ọkọ̀ kékeré tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn. Mélòó ni? Èèyàn mélòó ló ń gbà? Ṣé àjẹ̀ ni wọ́n fi ń tù ú, àbí ẹ́ńjìnnì? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí èrò 50 bá wà, tí ọkọ̀ kékeré kan ṣoṣo sì gba èèyàn 20, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n máa pín yín sí. Bí ìpín kọ̀ọ̀kan bá lo wákàtí kan, ìpín kẹta kò ní wọ khal títí wákàtí méjì á fi kọjá. Nígbà yẹn, omi ti gun orí ẹrẹ̀, ẹyẹ ti fò lọ, oòrùn ti mú. Owó kan náà ni gbogbo yín san, ìpín kìíní nìkan ló rí ọjà rà. Láńṣì tí kò gbé ju èrò 25 sí 30 lọ, tó ní ọkọ̀ àjẹ̀ méjì, sàn ju yàrá amúlétutù mẹ́wàá lọ. Ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kò wúlò nínú khal: èéfín rẹ̀ àti ariwo rẹ̀ ń ṣíwájú yín dé gbogbo ibi tí ẹ fẹ́ wò. Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wọ ẹ̀wù ìléfòó tirẹ̀ sọ́rùn. Èyí tí wọ́n kó jọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì lórí láńṣì kò lè gba ẹnikẹ́ni là nínú khal.

Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, bó ṣe máa ń rí nìyí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì láńṣì láti alẹ́, àjẹ̀ nìkan ló ń dún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lójú omi. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì khal jẹ́ ẹrẹ̀ tó ń dán bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ. Bí ẹ bá dákẹ́, ẹ óò gbọ́ tí ẹrẹ̀ náà ń ta pọ́-pọ́-pọ́. Àwọn akàn pupa kéékèèké wà lẹ́nu ihò wọn, akọ wọn ní ọwọ́ ńlá kan àti kékeré kan, ó ń ju ńlá náà sókè sódò láti fi pe abo. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí lóòótọ́: ojú wọn nà sókè lórí igi tín-ín-rín, bí òjìji yín bá sì ti kan wọn, gbogbo wọn á wọ ihò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹja kan wà tó ń fi lẹ́bẹ́ wọ́ káàkiri lórí ẹrẹ̀, tó sì ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Láàárín wọn ni gbòǹgbò igi sundari, igi tí ọ̀pọ̀ sọ pé òun ni igbó náà fi jórúkọ, yọ sókè bí ẹní ri ṣóńṣó igi mọ́lẹ̀ láìmọye. Afẹ́fẹ́ kò sí nínú ẹrẹ̀ náà, ìdí nìyẹn tí gbòǹgbò fi ń jáde wá mí. Ewéko kan tó jọ ọ̀pẹ tí kò nígi tò sétí omi, golpata ni wọ́n ń pè é. "Ewé róbótó" ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ewé rẹ̀ gùn bíi màrìwò, òun sì ni wọ́n fi ń bo òrùlé ní abúlé ìtòsí.

Ibi tí igi keora bá wà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ewé rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ dọ́gba gbọọrọ bí ẹni pé wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e. Gíga tí ẹnu àgbọ̀nrín lè dé nìyẹn. Èyí tí ẹnu wọn ò tó, ọ̀bọ á já a sílẹ̀ fún wọn láti òkè bó ṣe ń jẹ tirẹ̀, ìdí tí ẹ fi máa ń bá ọ̀bọ àti àgbọ̀nrín pọ̀ lábẹ́ igi kan náà. Bí ọ̀bọ bá figbe ta, tí àgbọ̀nrín sì nà ró láìmira, ẹ dákẹ́, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ń wò.

Ẹkùn ńkọ́? Iye tí Bángládẹ́ṣì kéde ní 2024 fi hàn pé 125 ló wà ní ẹ̀gbẹ́ tiwọn, nínú igbó tó tó 6,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló lọ tí kò rí i, ìyẹn kò sì sọ pé ọkọ̀ wọn kò dára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹrẹ̀ lẹ lè rí: àtẹ́lẹsẹ̀ ńlá kan, ọmọ ìka mẹ́rin, kò sí àmì èékánná nítorí ó máa ń ká a sínú bó bá ń rìn. Omi náà ló máa sọ ìgbà tó kọjá fún yín. Bí ẹsẹ̀ náà bá wà nísàlẹ̀ ibi tí omi kún dé kẹ́yìn, a jẹ́ pé lẹ́yìn tí omi fà ló gba ibẹ̀, kò tíì pé wákàtí 12. Afinimọ̀nà tó lè ka èyí fún yín tó owó rẹ̀ láìrí irun ẹkùn kan.

Láti Katka, wọ́n máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sétí òkun Jamtola, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta, láàárín pápá àti igbó. Ẹ̀ṣọ́ kan á wà níwájú, ìkejì lẹ́yìn. Ẹ má ṣe yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kódà láti lọ tọ̀. Bàtà ẹsẹ̀ yín ṣe pàtàkì: sálúbàtà onírọ́bà tó ní okùn lẹ́yìn gìgísẹ̀, tàbí bàtà òjò tó bá ẹsẹ̀ mu. Sílípáàsì lásán, ẹrẹ̀ á gbà á lọ́wọ́ yín, gbòǹgbò tó ṣe ṣóńṣó sì lè wọ àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ẹ bá dé etí òkun, kí ẹ má lúwẹ̀ẹ́. Omi tó ń fà níbẹ̀ lágbára ju bó ṣe hàn lójú lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ 11 ló bá omi Katka lọ ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2004. Afinimọ̀nà tó bá jẹ́ kí èrò wọ òkun nítorí kí wọ́n lè yọ̀, kò yẹ fún iṣẹ́ náà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lára àwọn láńṣì yìí ni àìtètè gbéra. Bí wọ́n bá dúró de èrò tó pẹ́ dé ní Khulna fún wákàtí mẹ́ta, òru ni ẹ máa dé Katka, àárẹ̀ á ti mú àwọn òṣìṣẹ́, àárọ̀ kejì á sì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ dípò aago márùn-ún ààbọ̀. Omi ò ní dúró dè yín. Èkejì ni ẹ̀rọ orin. Igbó tí wọ́n ń dáàbò bò kọ́ ni ibi àríyá, síbẹ̀ àwọn kan á kó gbohùngbohùn wọkọ̀ fún alẹ́ ẹran sísun. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó pé ẹ ò fẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, kùrukùru oṣù Kejìlá àti oṣù kìíní lè bo odò débi tí láńṣì á fi dákọ̀ró títí oòrùn á fi là. Ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́ nìyẹn, atukọ̀ tó bá ń sáré nínú kùrukùru ni kí ẹ bínú sí.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló dára jù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà títí dé ìparí oṣù kẹjọ, wọ́n ń ti igbó náà pa kí ẹja àti ẹranko lè bímọ, ẹni tó bá ta tíkẹ́ẹ̀tì oṣù keje fún yín ń lù yín ní jìbìtì. Ìjì líle máa ń jà kí òjò tó dé àti lẹ́yìn tí òjò bá lọ: Sidr jà ní oṣù kọkànlá 2007, Aila ní oṣù karùn-ún 2009, Amphan ní oṣù karùn-ún 2020. Bí èbúté Mongla bá gbé àmì ìkìlọ̀ ìjì nọ́ńbà 3 sókè, ẹ má fi dandan mú láńṣì pé kó gbéra. Ohun tó yẹ kó ti wà lákọọ́lẹ̀ ni iye tí wọ́n máa dá padà, tàbí ọjọ́ tuntun tí wọ́n máa fún yín.

Owó taka tí wọ́n bá pè, ẹ bèèrè bóyá owó ìwé àṣẹ igbó wà nínú rẹ̀. Ti àlejò ilẹ̀ òkèèrè pọ̀ ju ti ọmọ ìlú lọ, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn ti máa ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ fi ẹ̀dà páspọ́ọ̀tù àti físà ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti orílẹ̀-èdè tí ibà pọ́njú wà gbọ́dọ̀ mú yẹ́lò káàdì dání, ìbáà jẹ́ Bángládẹ́ṣì ló ń lọ tàbí Íńdíà. Ẹ kó owó wẹ́wẹ́ dání, àti oògùn ẹ̀fọn, iná àtẹ̀lọ́wọ́, awò awọ̀nàjíjìn, aṣọ aláwọ̀ ewé tàbí ti ẹrẹ̀, àti súwẹ́tà: afẹ́fẹ́ orí omi láàárọ̀ oṣù kìíní tutù gan-an. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ bí ẹ bá ti wọ inú igbó, ẹ ti sọ fún àwọn ará ilé tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ Íńdíà yá, ó sì rọrùn fún ẹni tí kò ní ju ọjọ́ méjì lọ. Reluwé láti Sealdah ní Kolkata á gbé yín dé Canning, mọ́tò á gbé yín dé Godkhali, ọkọ̀ ojú omi á gbà á níbẹ̀. Ẹ óò gba ìwé àṣẹ àti afinimọ̀nà ní Sajnekhali, ẹ óò sì máa gun ilé ìṣọ́ bíi Sudhanyakhali àti Dobanki, inú ọgbà tí wọ́n fi wáyà yí ká. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé erékùṣù tí èèyàn ń gbé lẹ óò sùn, ọkọ̀ á sì ti kúrò nínú igbó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ kò ní fẹsẹ̀ tẹ igbó rárá. Fún ẹni tó fẹ́ mọ bí omi ṣe ń ṣe igbó náà lálẹ́ àti láàárọ̀ kùtùkùtù, ti Bángládẹ́ṣì ló tó o. Fún ẹni tó mú ọmọdé tàbí àgbàlagbà dání, ti Íńdíà dára jù.

Ibi ìkẹyìn tí láńṣì máa ń dúró sí lọ́jọ́ kẹta ni Karamjal, nítòsí Mongla, níbi tí wọ́n ti ń sin ọ̀nì omi iyọ̀ àti ìjàpá odò Batagur baska tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán láyé. Afárá onígi kan wọ inú igbó díẹ̀. Ọ̀bọ ibẹ̀ ti mọ èèyàn, wọ́n ń já báàgì gbà, ẹ má fún wọn lóúnjẹ. Bí ẹ bá ti sùn ní Katka, wákàtí kan tó fún Karamjal. Bí àyè ọjọ́ kan péré lẹ ní, ọkọ̀ kékeré láti Mongla á gbé yín lọ bọ̀ lọ́sàn-án, ẹ bèèrè aago tí omi máa fà kí ẹ tó wọ̀ ọ́.